Ilé Tó Wà Láàárín Mẹ́tàdínlógún àti Méjìdínlógún

Bàbá Onínọ́mbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, yóò kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Òun ló kọ nọ́mbà sára ilé wa gbogbo. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tí káńsù gbé agolo ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́ pé kó lọ máa kọ nọ́mbà sí ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn, ó sì ṣe iṣẹ́ náà títí irun orí rẹ̀ fi gba àwọ̀ ọ̀dà. Bí ẹ bá fún un ní nọ́mbà ilé kan, yóò sọ ẹni tó kọ́ ọ fún yín, ẹni tó jogún rẹ̀, àti àwọn tó ń jà lé e lórí.

Ìdí nìyẹn tí ilé ìwé wa fi ń bẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún pé kó mú àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin yí àdúgbò ká. Èmi ni tíṣà wọn. Mo máa ń tò wọ́n ní méjì-méjì, ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́, Bàbá á sì ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá kan tí kò fi tilẹ̀, tó kàn fi ń nàka sí nǹkan ni. Ó máa ń fi àtẹ̀gùn ilé búrẹ́dì hàn wọ́n, bó ṣe jẹ dànù lápá kan ṣoṣo, nítorí ogójì ọdún ni ọkùnrin kan fi gbé búrẹ́dì sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ní èjìká ọ̀tún. Ó máa ń fi igun ilé kan hàn wọ́n tí wọ́n gé dànù kí ọkọ̀ akẹ́rù lè rí ibi yí. Ó máa ń mú wọn dúró níwájú ilé tó ní ilẹ̀kùn àbáwọlé méjì, á ní kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀. Kì í sẹ́ni tó ń mọ̀ ọ́n. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló ń gbé ibẹ̀ nígbà kan, wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀, ìyá wọn wá ní kí wọ́n lu ògiri, kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn kejì, torí ó ti rẹ òun láti máa là wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín títí, ẹni tó bá ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà nílé á sì ní òun náà máa yọ ilẹ̀kùn tòun.

Òpópónà tiwa ló máa ń gbẹ̀yìn. Apá kan ṣoṣo ni ilé wà níbẹ̀; ọgbà ilé ìwé ló gba apá kejì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láti ilé kìíní dé ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n, gbogbo wọn ló tò mọ́ ara wọn, àfi ibì kan. Láàárín mẹ́tàdínlógún àti méjìdínlógún, àlàfo kan wà tí wọ́n ri ẹ̀rọ omi àti bẹ́ǹṣì kan sí. Bí a bá débẹ̀, Bàbá á ní, "Ibí yìí, ààyè lásán ni. Ilé kankan ò sí níbí rí. Ibí ni àdúgbò ti ń yán." Á wá ya ẹnu gbàgà, á yán, àwọn ọmọ náà á yán, wọ́n á mu omi, a ó sì padà sí kíláàsì. Lórí máàpù tí a yà sára ògiri kíláàsì mi, lẹ́tà gàdàgbà la fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ààyè Lásán. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ọdún mọ́kànlá ni mo sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí n tó sọ tẹni ẹlẹ́ni. Ọmọ ilé ìwé yìí lèmi náà. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, Bàbá mú àwa náà yí ká, irun rẹ̀ ṣì dúdú nígbà yẹn. Bó ṣe sọ pé ilé kankan ò sí níbẹ̀ rí, mo nàwọ́ sókè. Mo ní èmi rántí ilẹ̀kùn pupa kan, mo rántí ìró ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ní ìyá mi mú mi lọ síbẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, pé obìnrin kan fi téèpù wọn àyà mi, èmi àti ìyá mi sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Àlá lo lá, ọmọ mi." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, Alálàá sì ni wọ́n ń pè mí títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ìyá mi ti kú nígbà náà. Bàbá mi kì í sì í mẹ́nu kan ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tí mo lè bi. Ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ ni mo rántí nípa ìyá mi, ọjọ́ ilẹ̀kùn pupa yẹn sì wà lára wọn, mo wá rò pé àlá ni lóòótọ́, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́. Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ìwé káńsù ló sọ bẹ́ẹ̀, ta wá ni èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá?

Lọ́dún yìí, kó tó di pé a jáde, mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan àtijọ́ kan wá láti ilé. Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ tí kò ní ilẹ̀kùn wá, wọ́n mú rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ wá. Ẹnì kan gbé eyín àtọwọ́dá bàbá àgbà rẹ̀ wá nínú ife, mo ní kó tètè sáré gbé e padà kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ebi má pa àgbàlagbà. Ọmọbìnrin kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìwé wa, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ àfi tí èèyàn bá bi í. Fọ́tò ló mú wá nínú ọ̀rá. Obìnrin kan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kékeré kan, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára ògiri ilé tó wà lósì rẹ̀, wọ́n kọ mẹ́tàdínlógún. Lára tọ̀tún, méjìdínlógún. Mo wo fọ́tò, mo wo ojú fèrèsé, mo tún wo fọ́tò.

"Ìyá àgbà mi nìyẹn, Àǹtí," ọmọ náà sọ. "Wọ́n ní kí n mú un padà lónìí."

Fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun ni. Mo bi í pé àwọ̀ wo ni ilẹ̀kùn yẹn. Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni mo bi.

"Pupa ni. Ó wà nílé wa. Wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ tábìlì, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gé aṣọ."

Mi ò mọ bí mo ṣe parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí agogo ṣe lù, mo tọrọ fọ́tò náà fún wákàtí kan, ó di ilé Bàbá. Yàrá kan ló ń gbé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú: bẹ́ẹ̀dì kan, àga méjì, àti lára ògiri, àwọn páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n gé nọ́mbà sínú wọn, tí wọ́n ń gbé lé ara ilé kí wọ́n tó fi ọ̀dà kùn ún. Òdo dé mẹ́sàn-án, ó fi ìṣó kọ́ wọn tẹ̀léra tẹ̀léra. Ó ní kí n jókòó. Mi ò jókòó. Mo gbé fọ́tò náà lé orúnkún rẹ̀.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà, ó tún bọ́ ọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Bàbá ti ju ogún lọ fíìfíì kí òtítọ́ tó rí ọkọ̀ wọ̀.

Ohun tó sọ fún mi rèé. Nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, méjì-méjì ni wọ́n ń jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ dúró lódìkejì, wọ́n á ka ilé tó wà ní òpópónà. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní máa lọ sókè, ẹnì kejì á bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó gbẹ̀yìn máa bọ̀, wọ́n á pàdé láàárín. Iṣẹ́ á yá, àwọn méjèèjì á sì tètè relé. Ilé aránṣọ kéré, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀ sáàárín ilé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ọmọ tó sá sẹ́yìn aṣọ ìyá rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe ń kà, ojú wọn fo ilé náà. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n kà. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, òun kọ mẹ́tàdínlógún, ẹnì kejì rẹ̀ kọ méjìdínlógún, wọ́n yíjú láti bọ ara wọn lọ́wọ́, ilé kan sì wà láàárín wọn tó ń wò wọ́n.

Kí wọ́n tó lè tún un ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ pa nọ́mbà tó wà lára ilé mẹ́tàdínlógún tó gbẹ̀yìn rẹ́, kí wọ́n sì tún wọn kọ. Ẹnì kejì ń bẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá ti kìlọ̀ fún òun, ẹlẹ́ẹ̀kẹta á lé òun lọ. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni aránṣọ ti jáde, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé omi tútù fún wọn, ó gbé àga síta. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́mbà tiwa ńkọ́?

"Mo ní ọ̀la ni," Bàbá sọ. "Mo mu omi rẹ̀ tán, mo ní ọ̀la ni mo máa padà wá kọ ọ́."

Ìwé àdúgbò, tí wọ́n ń to gbogbo nọ́mbà ilé sí fún káńsù, kò gbọ́dọ̀ sùn síta. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí òpópónà ni wọ́n ń dá a padà, íńkì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fagi lé e. Ó wá kọ "ààyè lásán" sáàárín mẹ́tàdínlógún àti méjìdínlógún, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á wá bá ọ̀gá sọ ọ́ bí inú rẹ̀ bá dùn. Inú ọ̀gá kì í tètè dùn. Ọ̀rọ̀ náà wá di fònídónìí-fọ̀ladọ́la, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba òpópónà mìíràn lọ sílé kó má bàa rí obìnrin náà.

Bó bá parí síbẹ̀, mi ò ní bínú tó bẹ́ẹ̀. Ta ni kì í ṣe àṣìṣe? Ṣùgbọ́n ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, káńsù fẹ́ gbé páìpù omi ńlá gba òpópónà wa kọjá sí ẹ̀yìn. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n rí ààyè lásán, wọ́n ní ibẹ̀ ló máa gbà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ tí wọ́n rí ilé, wọ́n ní ilé tí kò sí nínú ìwé, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ìwé tán ni wọ́n kọ́ ọ, láìgbàṣẹ. Aránṣọ gba ọ́fíìsì lọ. Ó ní ẹ pe ẹni tó kọ nọ́mbà, ó mọ̀ mí, ó mu omi mi. Wọ́n sì pè é. Òun ló ń tọ́jú ìwé nígbà náà, ó ti di ẹni tí wọ́n ń kí ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá bi í bóyá ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó ní ọwọ́ òun ni. Ọ̀gá bi í bóyá ilé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Kí lẹ sọ?" mo bi í.

"Mo ní ohun tó wà nínú ìwé náà ni, sà."

Ó ní obìnrin náà ò pariwo, kò ṣépè. Ó kàn wò ó, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì jáde. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún un láti kó ẹrù kí wọ́n tó wó ilé náà. Àwọn àgbà òpópónà mọ̀, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń pọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ tú u wò. Àwọn ayálégbé tó sì ń kó dé lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n bá ní ojú wọn rí.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi wá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé, kí ló dé tí kò kàn mú wọn kọjá níbẹ̀. Ó ní bí òun bá mú wọn kọjá, wọ́n á béèrè. Ó ní ọdún àkọ́kọ́ ló le, lẹ́yìn ìyẹn ẹnu ti mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọmọ kan sọ nígbà kan pé òun rántí ilẹ̀kùn pupa. Ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já lọ́jọ́ yẹn."

"Èmi ni ọmọ náà, Bàbá."

Kò mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ̀. Mo gbé fọ́tò náà kúrò lórí orúnkún rẹ̀, torí mi ò ní ìtùnú kankan tí mo lè fún un lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e la fẹ́ yí àdúgbò ká. Mo sọ fún un pé kó tó di ọjọ́ náà, kó lọ bá obìnrin yẹn, torí ojú lọ̀rọ̀ wà, lọ́jọ́ Ẹtì kó sì sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ. Bí kò bá sọ ọ́, èmi máa sọ ọ́, kò sì sí ọmọ tó máa tẹ̀ lé e mọ́. Ó ní ọ̀la lòun máa lọ. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má pe ọ̀la létí mi. Ní Mọ́ńdè, orúnkún ló ń dùn ún. Ní Túsìdeè, ó ní àlejò. Ní Wẹ́sìdeè, ó dé ìta ilé wọn, ọmọ-ọmọ aránṣọ sọ fún mi pé àwọn rí i lábẹ́ igi kan lódìkejì, ó dúró pẹ́, lẹ́yìn náà ó yípadà. Ní Tọ́sìdeè, ó ránṣẹ́ sí mi pé òun ń kun nǹkan, kí n ṣe sùúrù fún òun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí a tó dé òpópónà wa, mo ti rí i lókèèrè pé ẹnì kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Obìnrin arúgbó kan ni, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti lọ sọ fún un. Bàbá náà rí i. Ìtàn ilẹ̀kùn méjì tó ń sọ lọ́wọ́, kò parí rẹ̀, àwọn ọmọ wá ń bi ara wọn pé kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tí a dé àlàfo náà, ọmọ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́ ní àṣà ibẹ̀ ya ẹnu, ó yán kí Bàbá tó sọ nǹkan kan. Bàbá ní kó má yán. Ó dúró, páálí ńlá kan wà lábẹ́ apá rẹ̀ tó fi ìwé ìròyìn wé. Ó sọ fún wọn pé ilé kan wà níbí. Ó sọ bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe rí, ibi tí fèrèsé wà, ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ máa ń dúró kó lè rí ìmọ́lẹ̀. Ó sọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ó sọ bí àwọn ṣe ka ilé tí wọ́n fo ọ̀kan, àti ohun tí òun kọ, àti ohun tí òun sọ ní ọ́fíìsì. Kò dá ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ti kú, kò sì ní lè já a nírọ́. Ó ní, "Kò sí ààyè lásán níbí rí. Èmi ni mo sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀."

Bàbá yíjú sí obìnrin náà, ó fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún ò gbà fún un, ó wá dúró síbẹ̀ ní ìtẹ̀ba.

"Àǹtí, ẹ má bínú."

Obìnrin náà gbé ọ̀pá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohùn rẹ̀ ò ga.

"Lọ́jọ́ kejì, mo gbé omi síta dè ọ́," ó sọ. "Mo gbé àga náà síta. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń gbé e síta, tí mo ń gbé e wọlé."

Bàbá tú ìwé ìròyìn náà. Kì í ṣe páálí, pákó ni. Ó kun ún ní pupa, ó sì kọ méjìdínlógún, nọ́mbà tó yẹ kí ilé náà ní, sára rẹ̀ ní funfun, láìlo páànù, ọwọ́ lásán ló fi kọ ọ́, ó sì dára ju gbogbo èyí tó wà ní òpópónà náà lọ. Obìnrin náà gbà á, ó gbé e lé itan, ó fi ìka tọ eteetí ọ̀dà náà bí ẹní ń wo ojú rírán aṣọ.

"Ọwọ́ ẹ ò tíì bàjẹ́," ó sọ. "Ilẹ̀kùn mi ló ti di tábìlì. Ibo ni kí n wá kàn án mọ́?"

Bàbá ní ibikíbi tí ẹ bá fẹ́, Àǹtí, èmi fúnra mi ni màá kàn án. Obìnrin náà gbé pákó náà padà fún un.

"Jẹ́ kí n rò ó wò. Màá wá sọ fún ẹ nílé."

"Ìgbà wo ni, Àǹtí?"

"Ọ̀la."

Ó dìde, ó di ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì sì lọ.

Mo padà sí kíláàsì, mo fi rọ́bà pa Ààyè Lásán rẹ́ lórí máàpù. Kò pa tán, ó ṣì ń hàn díẹ̀ bí èèyàn bá sún mọ́ ọn. Ní Mọ́ńdè, mo gbé pẹ́ńsù fún ọmọ-ọmọ aránṣọ, ó kọ "Ilé Ìyá Àgbà Mi" lé e lórí, ó ya ilẹ̀kùn kékeré kan, ó sì kùn ún ní pupa. Mo jókòó, mo wò ó, mo sì rí ìyá mi níbẹ̀, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń wọn àyà mi. Mo sunkún díẹ̀ lójú àwọn ọmọ. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi sọ pé àlá ni.

Bàbá ò jáde púpọ̀ mọ́. Mo máa ń yà síbẹ̀ bí mo bá ti ilé ìwé dé, torí ìbínú ò lè sọ àgbàlagbà di ẹni tí kò jẹun. Pákó náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, òòlù àti ìṣó mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo rí i pé ọ̀kan nínú àga rẹ̀ méjèèjì ti wà níta, lẹ́nu ọ̀nà, ife omi kan sì wà lórí rẹ̀ tó fi àwo dé. Mo bi í pé ta ló ń retí. Ó ní kí n má jókòó lé e. Oṣù kẹta rèé tó ti ń gbé e síta láràárọ̀.